Orúnkún ló ń dùn ún, ìbàdí ló ti yẹ̀: àkọsílẹ̀ ọmọkùnrin ọdún 12 kan

Ọmọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọmọ ọdún 12 ni, ó ga, ó sanra ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀, bọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ràn jù láyé. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní ẹ̀ka físíò, ó ti lé lóṣù mẹ́rin tó ti ń sọ pé orúnkún òsì ń dun òun. Wọ́n ti ya ẹ́síréè orúnkún yẹn lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ò fi nǹkan kan hàn, wọ́n ti fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ti fún un ní báńdéèjì tó ń fà, wọ́n ti ní kó sinmi bọ́ọ̀lù, ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún màmá ẹ̀ pé ara tó ń dàgbà ló ń ro ó, pé á lọ fúnra ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi rán an sí wa ò ju ìlà kan lọ: ìrora orúnkún òsì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fún iṣan itan ẹ̀ lókun. Nínú gbogbo oṣù mẹ́rin yẹn o, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbàdí ẹ̀.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yọ gbogbo nǹkan tó lè jẹ́ kéèyàn dá ọmọ náà mọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ tó bá ń ké orúnkún tàbí itan, tí orúnkún yẹn ò wú, tí ò gbóná, ẹ yẹ ìbàdí ẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀rọ tuntun ti pọ̀ lóde, iṣẹ́ abẹ egungun ọmọdé sì ti dára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ò wúlò fún ọmọ tó jẹ́ pé orúnkún nìkan ni wọ́n ń yà kiri.

Bó ṣe wọlé ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ń tiro, kì í ṣe tiro ńlá, èèyàn lè má tiẹ̀ fiyè sí i, àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ kọjú síta pátápátá, ti ọ̀tún kọjú síwájú. Mo bi màmá ẹ̀ pé ṣé bó ṣe ń rìn látilẹ̀ nìyẹn, ó ní rárá, pé ó tó bí oṣù méjì tí àwọn ti ń rí i, pé bàbá ẹ̀ ti bá a wí títí pé kó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ tọ́ kó máa rìn dáadáa. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, torí ọmọ yẹn ò lè gbé e tọ́ tó bá tiẹ̀ fẹ́, ibi tí egungun ẹ̀ wà nígbà yẹn ò gbà á láyè.

Mo ní kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ́kọ́ yẹ orúnkún tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán an wá wò, kò wú, kò gbóná, ó ká dáadáa ó sì nà dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́ yíká-yíká, ọmọ náà kàn ń wò mí ni, kò ṣe yéè lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún tó ti ń dun èèyàn fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ tí ò dùn, ó yẹ kíyẹn nìkan ti kọ èèyàn lóminú. Mo wá fọwọ́ kan di gìgísẹ̀ ọ̀tún mú, mo fi ìkejì gbé abẹ́ orúnkún ẹ̀, mo ń ká itan yẹn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó lọ tààrà sí àyà. Mo ṣe ti òsì. Bí itan yẹn ṣe ń gòkè ló ń ya síta, mo ń gbé e lọ síwájú òun ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó máa ká tán orúnkún ẹ̀ ti kọjú sí ògiri.

Mo ní, "Ṣé ìwọ lò ń yí i ni?"

"Rárá o Àǹtí, òun ló ń yí fúnra ẹ̀."

Mo tún un ṣe jẹ́jẹ́, nǹkan kan náà ni. Àmì yẹn lórúkọ, àmì Drehmann ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, kò gba ẹ̀rọ kankan, kò gbówó, ọwọ́ méjì àti bẹ́ẹ̀dì ló gbà. Mo wá wo bí itan ṣe ń yí sínú, ti ọ̀tún yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ti òsì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí rárá, ojú ọmọ náà fún pọ̀, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Mo dá a dúró níbẹ̀. Mi ò fún un ní eré ìdárayá kankan o, mo ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, mo sì sọ fún màmá ẹ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀ mọ́ títí dókítà egungun á fi rí i, lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló mà fi rìn wọlé o, kí lẹ rí?"

Ohun tí mo rò pé mo rí nìyí. Orí egungun itan rí róbótó, ó jókòó sínú kòtò ìbàdí. Láàárín orí yẹn àti ọrùn egungun, ọmọ tó ṣì ń dàgbà ní kèrékèré tín-ín-rín kan níbẹ̀, ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ibi ìdàgbà. Kèrékèré ò sì le tó egungun. Tí ọmọ bá ti ń bàlágà, tó ń ga kíákíá, tí họ́móònù ara ẹ̀ ń yí padà, tí ara ẹ̀ sì tún wúwo, ibi ìdàgbà yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ díẹ̀díẹ̀: orí egungun á wà nínú kòtò ẹ̀, ọrùn egungun lá máa sún síwájú tí á máa lọ sókè, gbogbo ẹsẹ̀ á sì yí síta tẹ̀ lé e. Nínú ẹ́síréè, ńṣe ló máa ń dà bíi fìlà tó ti yẹ̀ sẹ́yìn orí. SCFE (slipped capital femoral epiphysis) ni àwọn dókítà ń pè é ní ìkékúrú. Láàárín ọdún 10 sí 16 ló wọ́pọ̀ jù, ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọ tó sanra, àmọ́ mo ti rí i lára ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà, kẹ́nikẹ́ni má fìyẹn tan ara ẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ orúnkún ni ọmọ ń di mú? Iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora láti ìbàdí lọ sí ọpọlọ, òun náà ló yọ ẹ̀ka sí inú itan àti orúnkún, ọpọlọ ò wá mọ èwo ni èwo. Ìyẹn ni pé ọmọ yẹn ò purọ́, kò sì ṣàṣejù, orúnkún ló ti ń gbọ́ ìrora náà lóòótọ́. Àwọn àgbàlagbà tó yí i ká ló yẹ kó mọ̀ pé ohun tí ọmọ ń tọ́ka sí lè má jẹ́ ibi tó bà jẹ́.

Dókítà egungun gbà wá wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ́síréè ìbàdí méjèèjì pọ̀ ni wọ́n yà, kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà yà á, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an. Èyí tí wọ́n yà láti iwájú, ẹni tó ń kánjú lè ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Àmọ́ ìlà kan wà tí wọ́n máa ń fà gba etí òkè ọrùn egungun, ìlà Klein, ó yẹ kí ìlà yẹn gba ara orí egungun kọjá, kó gé díẹ̀ lára ẹ̀. Ti ọ̀tún gé e, ti òsì ò kàn án. Ẹ́síréè kejì, èyí tí ọmọ á ká orúnkún méjèèjì tí á sì là wọ́n síta, ló wá tú gbogbo ẹ̀ sí gbangba, torí ẹ̀yìn ni orí egungun máa ń yẹ̀ sí jù, ẹ́síréè iwájú nìkan lè fi í pamọ́ fún oṣù gbọọrọ. Wọ́n wọn bó ṣe yẹ̀ tó, ó jẹ́ dígírì 38. Nínú ìwọ̀n Southwick, tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe le tó, tí ò bá tó 30 ó ṣì fúyẹ́, láti 30 sí 50 ó ti wà láàárín, tó bá kọjá 50 ó ti le. Egungun tuntun sì ti ń hù lẹ́yìn ọrùn egungun náà, ìyẹn ni pé ó ti pẹ́ tó ti ń yẹ̀. Tí wọ́n bá ti ya ẹ́síréè yìí nígbà tó kọ́kọ́ ké, ó ṣeé ṣe kó má tíì tó 30. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, àmọ́ ìṣe àìsàn yìí ni, bó ṣe ń pẹ́ ló ń yẹ̀ sí i.

Ìbéèrè tó kàn ló máa ń pinnu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí: ṣé ọmọ náà ṣì lè fẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀pá ló máa fi tilẹ̀? Dókítà egungun ọmọdé kan, Randall Loder, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ ká mọ bí ìbéèrè yìí ṣe wúwo tó, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1993. Nínú àwọn 30 tí ò lè tẹlẹ̀ rárá, egungun orí itan 14 ló kú torí ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Nínú àwọn 25 tó ṣì lè tẹlẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e mú iye ti àkọ́kọ́ yẹn wálẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ náà gan-an padà. Ọmọ tiwa ṣì ń tẹlẹ̀, inú wa dùn sí ìyẹn, àmọ́ ìdí tí mo fi sáré wá kẹ̀kẹ́ nìyẹn o, torí ọmọ tó ń rìn lónìí lè fẹsẹ̀ kọ nǹkan lálẹ́, kó ṣubú, kí èyí tó kù níbẹ̀ já, kó di ti àwọn 30 yẹn. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń rìn kiri lórí egungun tó ń yẹ̀. Mo máa ń ronú sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ò tètè wọ màmá ẹ̀ létí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú sà, orúnkún ni mo gbé wá o, báwo lẹ ṣe fẹ́ la ìbàdí ọmọ mi?" Dókítà yẹn ò kánjú, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ fìka yín tọ ìlà yìí fún mi." Obìnrin náà tọ ti ọ̀tún, ó ní ó gba ara ẹ̀ kọjá. Ó tọ ti òsì, ó ní, "Kò kàn án." Lẹ́yìn náà ló pe bàbá ọmọ lórí fóònù, ó sì jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, kò gbé fóònù fún dókítà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú ọmọ máa ṣe báyìí, ẹ jẹ́ kí òbí rí i, ẹ má kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ síwèé.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, pàápàá ti táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara ọrùn tó ń ṣe họ́móònù, torí tí táírọ́ìdì ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí tí àìsàn kíndìnrín wà, tàbí tí họ́móònù ìdàgbà ò tó, ibi ìdàgbà á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ọmọ bá kéré sí ọdún 10 tàbí tó ju 16 lọ, tàbí tó kúrú tó tín-ín-rín, ẹ má ṣe fo àyẹ̀wò yẹn rárá. Tiẹ̀ dára. Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísanra, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ má fi bú ọmọ. Ara tó wúwo ń dá kún un lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tí ìbàdí ẹ̀ ti ń yẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kò lè sáré kó fọn, ẹ tún egungun ṣe ná.

Iṣẹ́ abẹ náà wáyé lọ́jọ́ kejì. Ní ayé àtijọ́, P.O.P. ni wọ́n máa ń dì fún irú ọmọ báyìí láti àyà títí dé ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n bá tú u tán, ó lè tún yẹ̀. Àwọn míì á fi agbára fa egungun padà sípò ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ á ti já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kan irin mẹ́ta mẹ́rin sí i, tí ẹnu ọ̀kan bá yọ sínú oríkèé láìmọ̀, á ha kèrékèré ibẹ̀ jẹ. Ní báyìí síkúrúù kan ṣoṣo ni, inú ẹ̀ ṣófo. Wọ́n á kọ́kọ́ ti wáyà tín-ín-rín wọlé, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán lójú ẹsẹ̀ ń fi ọ̀nà hàn wọ́n láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ìgbà tí wáyà yẹn bá wà ní àárín gbùngbùn orí egungun ni síkúrúù tó máa gba orí ẹ̀ wọlé. Ojú abẹ ẹ̀ ò gùn ju ìdajì ìka lọ. Kí wọ́n tó pa á dé, wọ́n yí ẹsẹ̀ náà síbí sọ́hùn-ún lábẹ́ ẹ̀rọ, ẹnu síkúrúù ń sún mọ́ etí egungun, ó tún ń padà sẹ́yìn, ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ pé kò gún inú oríkèé. Wọn ò gbìyànjú láti fa egungun padà o, bó ṣe wà ni wọ́n ṣe dè é, kó má bàa yẹ̀ sí i, kí ibi ìdàgbà yẹn sì dí.

Bàbá ẹ̀ bi wá pé kí ló dé tí wọn ò kúkú tún un tò kó tọ́ pátápátá, ìbéèrè tó dáa sì ni. Ọ̀nà wà. Reinhold Ganz àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Bern ní Switzerland gbé iṣẹ́ jáde ní 2001 nípa bí wọ́n ṣe lè yọ orí egungun itan kúrò nínú kòtò láì pa iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lára, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá ń lò ó fún ọmọ tí tiẹ̀ yẹ̀ gan-an, wọ́n á tún orí egungun gbé sípò ẹ̀. Iṣẹ́ tó ga ni, àmọ́ ó lè pa orí egungun tó bá ṣìṣe, ó sì gba ọwọ́ tó ti ń ṣe é lemọ́lemọ́. Fún dígírì 38 tí ọmọ ṣì ń tẹlẹ̀, mo fara mọ́ ohun tí dókítà yàn, dè é ná, tó bá dí ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Fún àwọn tí ò lè tẹlẹ̀ rárá, ohun tuntun míì tó wù mí ni pé wọ́n lè ti wáyà tó ń wọn ìfúnpá gba inú ihò síkúrúù yẹn, kí wọ́n rí i nínú tíátà níbẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé orí egungun, tí ò bá dé, kí wọ́n tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú àpò oríkèé sílẹ̀ kí ó lè mí.

Ó wá ku ìbàdí ọ̀tún. Nínú ọmọ 100 tí ìkan bá yẹ̀, bí 20 sí 40 ni èkejì náà máa ń yẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ ẹ̀ láàárín ọdún kan àtààbọ̀. Àwọn kan gbà pé kí wọ́n de méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Àwọn òbí ẹ̀ ní kí wọ́n ṣọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ èèyàn tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún wọn, dókítà gbà. Tó bá jẹ́ ìdílé tó jìnnà, tí ìrìn àjò ṣòro fún, èmi á ní kí wọ́n dè é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà lórí ọ̀pá. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá inú omi, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ẹ̀ ló rọ jù, òun la sì lo àkókò lé lórí jù. Orúnkún tó ń dùn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Ilé wọn pátá jọ ń rìn nírọ̀lẹ́, wọn ò yà á sọ́tọ̀, ara ẹ̀ sì ń fúyẹ́ bọ̀.

Ní oṣù keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sọ fún màmá ẹ̀ lálẹ́ pé orúnkún ọ̀tún ń ta òun. Obìnrin náà ò fi nǹkan kan ra á. Ó kó ọ̀pá tó wà nílé fún un, ó ní kò gbọ́dọ̀ tẹlẹ̀, ilẹ̀ mọ́ wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa. Ó wọlé, ó ní, "Mà, ìbàdí ọ̀tún ni mo gbé wá." Mo yí itan ẹ̀ sínú, ó ti dín kù díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ́síréè ò fi nǹkan kan hàn, ìlà Klein gé e bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, àmọ́ MRI, ẹ̀rọ tó ń rí ohun tí ẹ́síréè ò lè rí, ni wọ́n ṣe fún un, ó sì fi omi tó ti kún yí ibi ìdàgbà ká hàn, ibẹ̀ ti ń rọ̀, kò tíì yẹ̀. Wọ́n fi síkúrúù sí i nígbà tó ṣì wà gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kó wà.

Ìbàdí méjèèjì yẹn ni mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, lára ọmọ kan náà. Ti ọ̀tún ń yí dáadáa, kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ò ṣàìsàn rí. Ti òsì ò dùn ún mọ́, àmọ́ kò yí sínú ju bíi dígírì 10 lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ya síta díẹ̀ tó bá ń rìn, tó bá sì jókòó sórí àga tó kúrú pẹ́, ó ń fún un níwájú ìbàdí, torí ọrùn egungun tó ti sún síwájú ń kọ lu etí kòtò. Ibi ìdàgbà ti ń dí ní apá méjèèjì. Tó bá ti dí tán, wọ́n á tún ya MRI ti òsì, wọ́n á wo bóyá kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré wọlé lọ fá egungun tó yọ síta yẹn, tàbí kí wọ́n gé egungun itan kí wọ́n yí i síbi tó tọ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí ò bá dí i lọ́wọ́. Ó bi dókítà pé ìgbà wo lòun máa padà sí bọ́ọ̀lù, dókítà ní ó lè wẹ odò, ó lè gun kẹ̀kẹ́ báyìí, ti bọ́ọ̀lù di ìgbà tí ẹ́síréè bá fi hàn pé méjèèjì ti dí.